Láti Etí Òkun Kamẹrúùnù dé Ọ̀jọ́: Ibi Tí Orúkọ "Man O' War" Ti Wá

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà tí kò mọ "Man O' War". A máa ń rí wọn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á máa sáré ní ìdájí, orin á sì wà lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń sáré. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti sin ilẹ̀ bàbá yín tilẹ̀ mọ̀ wọ́n jù wá lọ, nítorí pé ní káńpù àgùnbánirọ̀, àwọn ni wọ́n ń mú yín gun okùn, tí wọ́n ń mú yín fo kòtò, tí wọ́n sì ń ní kí ẹ fi àyà fà lábẹ́ wáyà.

Bí a bá bi ara wa léèrè ìtumọ̀ orúkọ yìí, ọ̀pọ̀ á dáhùn pé "ọkùnrin ogun" ni. Ìtumọ̀ yẹn kò bọ́ sí i. Ní èdè àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń jagun ni wọ́n ń pè ní man-of-war, kì í ṣe ènìyàn. Ibi tí orúkọ náà sì ti dé ọ̀dọ̀ wa ni etí òkun kan tó ń jẹ́ Man O' War Bay, nítòsí ìlú Victoria, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Limbe ní 1982. Orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ni Limbe wà lónìí.

Báwo ni orúkọ etí òkun Kamẹrúùnù ṣe di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo ní ìdájí ní Nàìjíríà? Ìtàn tí a fẹ́ sọ nìyẹn. A kò sọ ọ́ nítorí orúkọ nìkan. Ìtàn náà ń fi ohun tí káńpù wà fún hàn wá, ó sì ń fi ohun tó ti já bọ́ lójú ọ̀nà hàn wá pẹ̀lú.

Oko ni káńpù àwọn baba wa

Kí a má ṣe bí ẹni pé òyìnbó ló kọ́kọ́ kó ọmọ kúrò nílé lọ kẹ́kọ̀ọ́ nínú igbó. Yorùbá ní oko etílé, wọ́n sì ní oko ẹgàn. Oko etílé la ń lọ láàárọ̀ tí a ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Oko ẹgàn jìnnà. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ á sùn ní abà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó padà wálé wá ṣọdún. Ọmọ tó bá tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí abà á kọ́ bí a ṣe ń dáná lásìkò òjò, bí a ṣe ń mọ ojú ẹsẹ̀ ẹran, ewé tí a ń jẹ àti ewé tí a kì í fọwọ́ kàn. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ á dá àárò: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé, á bẹ ọ̀wẹ̀, á sì se oúnjẹ fún àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọdẹ náà á kó ọmọ ẹ̀yìn wọn wọ igbó, wọ́n á sì sùn síbẹ̀.

Ilẹ̀ tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dúró lé ní Ọ̀jọ́ láti 1983 gan-an, ilẹ̀ Àwórì ni. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn tó ni Ọ̀jọ́, Ìbà àti Ọ̀tọ̀ sọ pé ìrìn ló bí wọn. Olófin Ògúnfúnminíre gbé àwo lé orí omi, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń tẹ̀lé e lọ títí àwo náà fi rì. Gbólóhùn "àwo ti rì" ni wọ́n ní ó di Àwórì.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ kíyè sí. Kò sí ẹni tó lọ sí abà nítorí kí ọmọ lè kọ́ ìfaradà. Iṣu la lọ gbìn, ẹran la lọ pa. Ẹ̀kọ́ kàn gun ẹ̀yìn iṣẹ́ ni. Ohun tó yàtọ̀ nínú káńpù òde òní ni pé ẹ̀kọ́ gan-an la tìtorí rẹ̀ kúrò nílé. Iṣẹ́ ló wá di ohun tí a ní láti wá fún un. Bí a kò bá wá iṣẹ́ gidi fún káńpù, eré àti ìyà nìkan ló máa kù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a di èyí mú bí a ṣe ń lọ.

Láti Brownsea dé Aberdovey

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1907, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Robert Baden-Powell, kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan wá láti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ olówó bíi Eton àti Harrow. Àwọn yòókù jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ láti inú ẹgbẹ́ Boys' Brigade ní Poole àti Bournemouth. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ó po ọmọ olówó mọ́ ọmọ tálákà, ó sì fi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣe olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Boy Scouts ti ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dé Nàìjíríà ní 1915. Girl Guides ti àwọn obìnrin tẹ̀lé e ní 1919. Ọ̀pọ̀ òbí àti òbí àgbà wa ló jẹ́ pé inú àgọ́ wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ sùn síta láìsí ìyá àti bàbá nítòsí.

Ìṣàn kejì ti ọ̀dọ̀ Kurt Hahn wá. Júù ọmọ Jámánì ni, olùkọ́ sì ni. Ó ta ko Hitler, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní 1933, ó sì sá lọ sí Ìlú Ọba, níbi tó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Gordonstoun sílẹ̀ ní Scotland ní 1934. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Lawrence Holt, ọ̀kan lára àwọn olówó ọkọ̀ ojú omi Blue Funnel, rí i pé bí àwọn ọ̀tá bá ri ọkọ̀ sínú òkun, àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ tí ara wọn le ló ń tètè kú, tí àwọn àgbà inú wọn sì ń yè é. Kì í ṣe agbára ló dín sí ti ọ̀dọ́. Ìrírí àti ìfọkànbalẹ̀ ni wọn kò ní. Òun àti Hahn dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Aberdovey, ní Wales, ní 1941, wọ́n pè é ní Outward Bound. Ọ̀dọ́ á lọ síbẹ̀ fún nǹkan bí oṣù kan, á kojú òkun àti òkè, á sì kọ́ bí a ṣe ń gba ẹlòmíràn là.

Dickson dé Man O' War Bay

Ọkùnrin tó gbé irú káńpù yìí wá sí ọ̀dọ̀ wa ni Alec Dickson, tí wọ́n bí ní 1914. Ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òní, lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ará ìlú tí kò lọ sí ilé-ìwé. Ní 1951, ó dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní Man O' War Bay. Nígbà náà, abẹ́ àmójútó Gẹ̀ẹ́sì ni Gúúsù Kamẹrúùnù wà, láti Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ń ṣàkóso rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Ìbàdàn, ọmọ Kánò àti ọmọ Ẹnúgu lè kóra wọn lọ sí Victoria láìrékọjá ààlà ìjọba mìíràn.

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti kàwé ni wọ́n ń kó lọ: akọ̀wé ìjọba, olùkọ́, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n ń lò. Wọ́n á bọ́ sínú òkun ní àárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n á sáré, wọ́n á fo ìdènà. Wọ́n á gun Òkè Kamẹrúùnù, òkè oníná tó ga ju 4,000 mítà lọ, tí kò sí òkè tó ga tó o ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ti Èkó wá, tí òtútù àárọ̀ ọyẹ́ nìkan ló mọ̀, á rí irú òtútù tí kò rí rí.

Ṣùgbọ́n òkè kọ́ ni òpin ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n á tún lọ sí abúlé, wọ́n á gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n á bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe ọ̀nà tàbí afárá. Ibí yìí ni ohun tí Dickson fi kún ọ̀rọ̀ Hahn wà. Akọ̀wé ayé ìgbà náà kì í fẹ́ kí ẹ̀gbin kan aṣọ òun. Ìwé tó kà ló mú un bọ́ lọ́wọ́ ọkọ́ àti àdá. Dickson fẹ́ kí ó padà gbé ọkọ́, kì í ṣe nítorí ìyà, bí kò ṣe nítorí abúlé tó ń wá ọ̀nà. Mora, ìyàwó Dickson, kọ ìwé kan nípa ibùdó náà, *New Nigerians*, tó jáde ní 1960.

Ta ni káńpù náà wà fún?

Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ gba gbogbo rẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀. Ìjọba amúnisìn ló ni ibùdó náà. Ọkùnrin ló kún ibẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé obìnrin kò ní ṣe aṣáájú. Ẹnikẹ́ni lè bèèrè pé: ṣé aṣáájú ni wọ́n ń tọ́ ni, àbí ọmọ ọ̀dọ̀ tó mọ̀wé? Ìbéèrè náà tọ́, pàápàá nígbà tí a bá rántí pé àwọn tó ń béèrè òmìnira ní Èkó àti Ìbàdàn kò dúró de òkè kankan kí wọ́n tó mọ bí a ṣe ń darí ènìyàn.

Síbẹ̀, ẹ wo ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1951 ni ìwé òfin Macpherson fún ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ilé ìgbìmọ̀ tó lágbára. Ọdún náà ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ẹgbẹ́ Action Group ní Ọ̀wọ̀. Ọdún náà ni NPC di ẹgbẹ́ òṣèlú ní Àríwá. Bí òṣèlú ṣe ń to àwọn ènìyàn sí ẹkùn wọn, káńpù kan wà létí òkun tó ń kó ọmọ ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn sínú ilé kan, tó ń fi okùn kan náà so wọ́n pọ̀ gun òkè. Ohun yòówù kó wà lọ́kàn ìjọba amúnisìn, ẹni tó bá ti di okùn mú fún ọ lórí òkè kò ní jẹ́ "àwọn ẹ̀yà ọ̀hún" lójú rẹ mọ́.

Kí a tún fi ẹlòmíràn kún un, kí a má baà rò pé òyìnbó nìkan ló ronú bẹ́ẹ̀. Ní 1956, Tai Solarin dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń gbé nínú ọgbà, wọ́n ń dáko, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Tai Solarin kò nílò òkun tàbí òkè kí ó tó kọ́ ọmọ pé ìwé àti ọkọ́ kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Ìdìbò gba etí òkun lọ́wọ́ wa

Dickson kúrò ní Man O' War Bay ní 1954. Ní 1958, òun àti Mora bẹ̀rẹ̀ ètò Voluntary Service Overseas ní Ìlú Ọba, tó ń rán ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ ṣiṣẹ́ sìn ní ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ ló mọ VSO lónìí. Ìwọ̀nba ló mọ̀ pé ẹni tó dá a sílẹ̀ ti kọ́kọ́ bá ọmọ Nàìjíríà gbẹ́ ilẹ̀ ní Kamẹrúùnù.

Ní 1960, ibùdó náà di ti ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lábẹ́ òfin, orúkọ rẹ̀ sì di Citizenship and Leadership Training Centre. Òmìnira dé ní ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gúúsù Kamẹrúùnù kò tíì parí. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 1961, wọ́n dìbò láti yan bóyá wọ́n á bá Nàìjíríà lọ tàbí Kamẹrúùnù. Ènìyàn 97,741 yan Nàìjíríà; 233,571 yan Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n lọ. Etí òkun lọ, òkè lọ, ibùdó tí Nàìjíríà fi ń kọ́ ọ̀dọ́ rẹ̀ ní ọmọ ìlú rere bọ́ sí ilẹ̀ ìlú mìíràn.

Nàìjíríà ní láti wá òkun àti òkè mìíràn. Òkè ni wọ́n rí ní Shere Hills lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì dá ilé-ẹ̀kọ́ orí òkè sílẹ̀ síbẹ̀. Omi ni wọ́n rí ní Àpápá, Èkó, ibẹ̀ sì ni wọ́n gbé ilé-ẹ̀kọ́ ti ojú omi sí. Orúkọ tuntun wà nínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni etí òkun tí kì í ṣe tiwa mọ́ ṣe di orúkọ ẹgbẹ́ tó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa.

Ohun tó kù, ohun tó bọ́

Ogun abẹ́lé jà láti 1967 sí 1970. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún 1973, ìjọba Yakubu Gowon fi òfin kẹrìnlélógún ọdún náà dá ètò àgùnbánirọ̀ sílẹ̀. Ẹ wo bí ètò náà ṣe rí: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní káńpù, pípo ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ìlú ní ibi tó jìnnà sí ilé. A kò sọ pé Dickson ló bí NYSC. Ogun tó pa ènìyàn rẹpẹtẹ ló bí i. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta tó wà ní Man O' War Bay náà ló tún fara hàn níbẹ̀: ìnira ara, ìdàpọ̀ ẹ̀yà, iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Àríyànjiyàn wa nìyí. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ń gbé ara wọn ró bí àdògán tó ń gbé ìkòkò. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ọbẹ̀ á dà nù. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wa bá gbọ́ "Man O' War" lónìí, ìnira nìkan là ń rántí: sísáré, kíkúnlẹ̀, pípariwo. Ìdàpọ̀ ẹ̀yà ṣì wà ní káńpù àgùnbánirọ̀. Iṣẹ́ fún abúlé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìtàn. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yẹn gan-an ló sọ ìnira di ẹ̀kọ́. Ẹni tó gbẹ́ kòtò nítorí afárá mọ ìdí tí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ẹni tí wọ́n ní kó gbẹ́ kòtò kó sì tún dí i padà kò kọ́ nǹkan kan ju kí ó máa bẹ̀rù ọ̀gá lọ.

Káńpù kan ní etí ọ̀sà

Ẹ̀ka Yorùbá la wà. Kí ló kàn wá nínú èyí? Ó kàn wá nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí à ń wá nínú ìwé atúmọ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn apẹja láti Ọ̀jọ́ dé Àgbádárìgì: orúkọ àwọ̀n, orúkọ ẹja, orúkọ ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà. Èèyàn kò lè kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ní wákàtí kan pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ní láti sùn síbẹ̀, kó jí nígbà tí wọ́n bá jí, kó bá wọn tú àwọ̀n.

A ń dábàá káńpù ọjọ́ márùn-ún, ìtàn tí a sọ yìí sì ti kọ́ wa bí a ó ṣe ṣètò rẹ̀. Kí á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, kí á bèèrè iṣẹ́ tí abúlé fẹ́ kí á bá wọn ṣe; kí á má gbé iṣẹ́ tiwa lọ bá wọn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ó jẹ́, nígbà tí òjò kò ní lé wa. Kí ènìyàn má ju mẹ́rìnlélógún lọ, kí á pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, ẹni mẹ́fà mẹ́fà, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yan olórí tirẹ̀, kí olórí sì jẹ́ ẹni tó ń kọ́kọ́ gbé ọkọ́, tó sì ń jẹun kẹ́yìn. Kí á mọ ibi tí omi mímu ti máa wá àti ibi tí ṣáláńgá wà kí á tó sọ̀rọ̀ orin àti eré. Kí oníkálukú ní àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ odò wẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kan bá wa lọ, kí á sì ti mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ jù àti bí a ó ṣe débẹ̀ lóru. Nígbà tí a bá padà dé, kí á tẹ ọ̀rọ̀ tí a kó jọ sínú ìwé, kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ sì padà sí abúlé tó fún wa.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ọ̀rọ̀ kan kù tí a fẹ́ bá yín sọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tó dé Man O' War Bay ní 1951 ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Díẹ̀ ló kù nínú wọn. Àwọn tó lọ sí Àpápá àti Shere Hills lẹ́yìn òmìnira náà ti di àgbà. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá wà nínú wọn, ẹ jókòó tì í, kí ẹ bèèrè abúlé tó lọ, ohun tó kọ́ níbẹ̀, ọmọ ẹ̀yà wo ló di okùn mú fún un. Kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tó bá fi sọ ọ́. Ìwé òfin 1960 á ṣì wà ní ilé ìkàwé ní ọdún tó ń bọ̀. A kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa bàbá.